Kí ló wà nínú irin, bàbà àti idẹ? Ìmọ̀ tó yẹ kí a ní kí a tó kọ àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá wa

Ní ọ̀pọ̀ agbolé ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Ìdàáṣà àti ní Àjàṣẹ́, àwọn ohun èlò tí àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀ ṣì wà: àdá, ọkọ́, agogo, ọ̀pá Ọ̀sanyìn, ẹ̀gbà ọwọ́, ẹdan. Àwọn mìíràn wà lórí ojúbọ, àwọn mìíràn wà nínú àpótí, àwọn mìíràn sì ti di ohun tí ọmọdé fi ń ṣeré. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa pàdé ni èyí: kí ni wọ́n fi ṣe é? Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ń kọ ni “irin” tàbí “bróńsì”, wọ́n á sì fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ ohun tó wà nínú mẹ́tàlì kan lè mọ bí wọ́n ṣe rọ ọ́, iná tó gbà á, ibi tí ohun tí wọ́n fi rọ ọ́ ti lè wá, àti ohun tó lè bà á jẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti yanrìn bo ohun ọgọ́rùn-ún ọdún jẹ́ láàárín ọ̀sán kan. Nítorí náà ni a ṣe kọ àlàyé yìí fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin olùwádìí. Kò pọn dandan kí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì tẹ́lẹ̀ kó tó yé yín.

Ìdílé tí irin àti bàbà ti wá

Ní èdè wa, ọ̀rọ̀ náà “irin” ń ṣe iṣẹ́ méjì. Òun ni orúkọ irin dúdú tí alágbẹ̀dẹ ń lù. Òun náà ni a tún fi ń pe gbogbo ohun líle tó ń dán, tí iná lè yọ́. Kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú, a ó máa lo “mẹ́tàlì” fún gbogbo ìdílé náà níhìn-ín, a ó sì fi “irin” sílẹ̀ fún irin gan-an.

Láti ìgbà tí Dmitri Mendeleev ti tẹ àtẹ rẹ̀ jáde ní Rọ́ṣíà ní 1869, àwọn onímọ̀ ti ń to àwọn èròjà ìpìlẹ̀ ayé sórí àtẹ kan. Ní àárín àtẹ náà ni agbo ńlá kan wà tí a lè pè ní mẹ́tàlì àárín. Irin wà níbẹ̀, òun ni nọ́ńbà 26. Bàbà wà níbẹ̀, òun ni 29. Fàdákà ni 47, wúrà sì ni 79. Sínkì, tó jẹ́ 30, dúró ní etí agbo náà gan-an, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni kì í sì í kà á mọ́ wọn. Òjé kò sí nínú agbo yìí rárá.

Ẹ ṣàkíyèsí pé idẹ kò sí lórí àtẹ náà. Àdàlù ni idẹ: bàbà ni wọ́n pò mọ́ sínkì. Bróńsì náà jẹ́ àdàlù, ṣùgbọ́n ti bàbà àti tíìnì ni. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, a ó sì padà sórí rẹ̀.

Èsúsú tí àwọn átọ̀mù ń dá

Gbogbo mẹ́tàlì jẹ́ àkójọ átọ̀mù, ìyẹn àwọn wóró kéékèèké tí ojú kò lè rí, tí wọ́n tò létòlétò. Átọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní àwọn ẹ̀lẹ́ktrọ̀nù tó yí i ká. Èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún kì í bá ẹnikẹ́ni da nǹkan pọ̀. Àwọn tó wà ní ìta ni wọ́n ń so átọ̀mù kan mọ́ èkejì.

Ọ̀nà tí mẹ́tàlì gbà ń so pọ̀ jọ èsúsú. Olúkúlùkù átọ̀mù mú ẹ̀lẹ́ktrọ̀nù ìta rẹ̀ wá sí àpótí àjọ. Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀lẹ́ktrọ̀nù náà kì í ṣe ti ẹnìkan mọ́. Ó ń rìn káàkiri láàárín gbogbo wọn, òun ló sì so ẹgbẹ́ náà pọ̀. Bí owó inú àpótí bá ṣe pọ̀ tó ni ẹgbẹ́ ṣe ń lágbára tó. Bí iye ẹ̀lẹ́ktrọ̀nù tó wọ inú àjọ ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni mẹ́tàlì ṣe ń le tó, tí iná tó máa yọ́ ọ sì máa ń pọ̀ tó.

Ohun tó ya àwọn mẹ́tàlì àárín sọ́tọ̀ ni pé wọ́n ní ìyẹ̀wù kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní d, tó lè gba ẹ̀lẹ́ktrọ̀nù 10. Ìyẹ̀wù yìí kò jìnnà sí ìta. Nínú irin, ẹ̀lẹ́ktrọ̀nù 6 ló wà níbẹ̀, 2 sì wà ní ìta pátápátá. Nítorí pé ìyẹ̀wù náà kò kún, àwọn tó wà nínú rẹ̀ náà ń kópa nínú àjọ. Ìdí nìyí tí irin fi le.

Ti bàbà yàtọ̀. Ìyẹ̀wù d rẹ̀ ti kún, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì kù ní ìta. Síbẹ̀ ìyẹ̀wù tó kún náà súnmọ́ ìta tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń ran àjọ lọ́wọ́ díẹ̀. Ẹ fi wé pọtásíọ̀mù, tí òun náà ní ẹyọ kan ní ìta ṣùgbọ́n tí kò ní ìyẹ̀wù d tó lè ràn án lọ́wọ́: ọ̀bẹ lè gé pọtásíọ̀mù bí ọṣẹ, ó sì ń yọ́ kí ìgbóná tó dé 64°C. Ní ti sínkì, ìyẹ̀wù d rẹ̀ kún, ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́rí. Ẹ̀lẹ́ktrọ̀nù méjì ìta nìkan ló ń mú wá sí àjọ, nítorí náà ni kò fi lágbára tó àwọn tó kù.

Ìgbóná tí mẹ́tàlì kọ̀ọ̀kan fi ń yọ́ fi èyí hàn kedere:

- Túńgístìnì: 3,422°C
- Irin: 1,538°C
- Bàbà: 1,085°C
- Wúrà: 1,064°C
- Fàdákà: 962°C
- Sínkì: 420°C
- Òjé: 327°C

Túńgístìnì ló gba ipò kìíní láàárín gbogbo mẹ́tàlì, nítorí pé ẹ̀lẹ́ktrọ̀nù mẹ́fà ló ń mú wá, gbogbo wọn ló sì ń ṣiṣẹ́. Mẹ́kúrì, tó wà nínú òpó kan náà pẹ̀lú sínkì, ló wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá: omi ni nínú ilé wa, kò ní dì títí òtútù yóò fi dé 39 lábẹ́ òdo.

Ẹ̀lẹ́ktrọ̀nù tó ń rìn káàkiri yìí kan náà ló ń gbé ìgbóná àti iná mànàmáná kiri. Òun ló fà á tí alágbẹ̀dẹ kò fi lè fi ọwọ́ lásán di ìdí irin mú bí orí rẹ̀ bá wà nínú iná, tó fi jẹ́ pé igi ni wọ́n ń fi ṣe èèkù. Bàbà ń gbé iná mànàmáná tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà irin, ìdí nìyẹn tí òun fi wà nínú wáyà ilé wa.

Ìdí tí mẹ́tàlì fi ń tẹ̀, tí ìkòkò fi ń fọ́

Bí ẹ bá fi òòlù lu ìkòkò amọ̀, yóò fọ́. Bí ẹ bá fi lu bàbà, yóò fẹ̀. Nínú amọ̀ tí a ti sun, átọ̀mù kọ̀ọ̀kan di ẹnìkejì rẹ̀ tí a yàn fún un mú. Bí a bá já ìdè náà, ó já nìyẹn. Nínú mẹ́tàlì, àpótí àjọ ló so wọ́n pọ̀. Bí òòlù bá ti ìlà átọ̀mù kan kúrò ní ipò rẹ̀, ìlà náà á yọ̀ lọ síwájú, á bá aládùúgbò tuntun pàdé, àjọ náà kò sì ní tú ká.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń lu bàbà láìdáwọ́ dúró nígbà tó tutù, àwọn ìlà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dí ara wọn lọ́nà. Bàbà náà á le, bí a kò bá sì ṣọ́ra, á sán. Alágbẹ̀dẹ á dá a padà sínú iná kí ó pọ́n, àwọn átọ̀mù á tún ara wọn tò, bàbà á sì rọ̀ padà. Ẹni tó bá wo ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n lù láti ara ọ̀pá bàbà, kó mọ̀ pé ó ti lọ sínú iná lọ́pọ̀ ìgbà kó tó di ẹ̀gbà.

Irin ń pa ètò rẹ̀ dà nínú iná

Irin ní ìwà kan tí bàbà kò ní. Títí dé 912°C, átọ̀mù rẹ̀ tò ní ọ̀nà kan. Bí ìgbóná bá kọjá ibẹ̀, wọ́n á tún ara wọn tò ní ọ̀nà mìíràn, tí ààyè tó wà láàárín wọn á lè gba wóró kábọ́nì, ìyẹn ohun tí èédú fi ṣe. Irin tó wà ní ètò kejì yìí lè gba kábọ́nì tó nǹkan bí 2 nínú 100. Ní ètò àkọ́kọ́, kò lè gbà tó 3 nínú 10,000.

Gbogbo àṣírí ẹnu àdá wà níbẹ̀. Bí irin tó ní kábọ́nì nínú bá pọ́n dáadáa, tí alágbẹ̀dẹ sì tì í bọ omi lójijì, irin náà á fẹ́ padà sí ètò àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kábọ́nì kò ní rí àyè jáde. Á há sáàárín àwọn átọ̀mù bí ìgbà tí a fi èèkàn há nǹkan. Àwọn ìlà kò ní lè yọ̀ mọ́, irin á sì le gan-an. Ó tún máa ń gbẹ́ débi pé ó lè kán. Nítorí náà ni alágbẹ̀dẹ fi ń yá a níná díẹ̀ lẹ́yìn náà, kí líle rẹ̀ dín kù díẹ̀ kó má bàa ṣẹ́.

Irin tí kò ní kábọ́nì tó kò ní le bí a tilẹ̀ tì í bọ omi ní ìgbà ogún. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ èyí láìlo òṣùwọ̀n ìgbóná kankan. Àwọ̀ irin ni wọ́n ń wò: ó máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú ní nǹkan bí 700°C, á mọ́lẹ̀ bí ọsàn pípọ́n ní nǹkan bí 900°C, á sì di yẹ́lò bó bá ń sún mọ́ 1,100°C. Àgbà bọ̀ wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan ṣoṣo, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ohun tó ń fà yọ náà ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé yìí. Lónìí, sípíríǹgì ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń rọ àdá, nítorí pé kábọ́nì tó yẹ ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìdàrọ́: ẹ̀rí ibi tí wọ́n ti yọ irin

Kí àwọn òyìnbó tó máa kó irin wá nínú ọkọ̀ ojú omi, láti inú òkúta ni wọ́n ti ń yọ ọ́ ní ilẹ̀ wa. Ní àgbègbè Bàsár ní àríwá Tógò, níbi tí kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Iléru wọn ní Bànjélì ga, afẹ́fẹ́ sì ń wọlé fúnra rẹ̀ láìsí ẹwìrì. Ní ilẹ̀ Yorùbá, C. V. Bellamy tẹ ìròyìn jáde ní 1904 nípa ibi tí wọ́n ti ń yọ irin lẹ́bàá Ọ̀yọ́.

Iléru amọ̀ kì í sábà gbóná dé 1,538°C tí irin fi ń yọ́. Báwo ni wọ́n ṣe wá rí irin? Èéfín èédú ló ń gba ọ́síjìn kúrò lára òkúta irin náà, tí irin á sì kù bíi kànìnkànìn tó rọ̀, tí kò yọ́. Àwọn èròjà yòókù inú òkúta náà ló máa ń yọ́ ní nǹkan bí 1,200°C, tí wọ́n á sì ṣàn jáde. Ohun tó ṣàn jáde tó wá dì yìí ni ìdàrọ́. Kànìnkànìn irin ni wọ́n á wá gbé lọ sí àgbẹ̀dẹ láti fi owú lù ú, kí ìyókù ìdàrọ́ lè jáde kúrò nínú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí òkìtì ìdàrọ́ fi jẹ́ ìwé fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Èédú tó há sínú rẹ̀ lè sọ iye ọdún rẹ̀ fún àwọn onímọ̀. Síbẹ̀, òkìtì bẹ́ẹ̀ rọrùn láti kó dà sójú ọ̀nà tàbí láti fi dí kòtò, nítorí pé ó jọ òkúta lásán. Ibi tí wọ́n bá ti kó o kúrò, kò sí ohun tó lè jẹ́rìí mọ́ pé wọ́n yọ irin níbẹ̀ rí.

Bàbà pupa, idẹ, àti orúkọ tí kò tọ́

Ọ̀pọ̀ mẹ́tàlì ló funfun bíi fàdákà. Bàbà àti wúrà yàtọ̀, ìyẹ̀wù d ló sì fà á. Nínú bàbà, ẹ̀lẹ́ktrọ̀nù inú ìyẹ̀wù náà lè gbé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù àti àwọ̀ ewé mì kí wọ́n fi fò jáde sínú àjọ. Ìmọ́lẹ̀ pupa ló ń padà sí ojú wa. Bí sínkì bá ṣe ń pọ̀ sí i nínú bàbà ni pupa náà ń dín kù, tó ń di àwọ̀ yẹ́lò idẹ.

Sínkì tún ń jẹ́ kí iṣẹ́ rọrùn. Idẹ sábà máa ń yọ́ ní nǹkan bí 900 sí 950°C, ó sì ń ṣàn wọ inú gbogbo kọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n ń dà á sí. Bàbà pọ́ńbélé ń gba iná jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, kì í sì í ṣàn dáadáa. Èyí ló mú kí iṣẹ́ àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ máa ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Púpọ̀ nínú àwọn orí tí wọ́n hú ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ láti 1938 jẹ́ idẹ, àwọn díẹ̀ sì jẹ́ bàbà tí kò ní àdàlù púpọ̀. Ìbòjú tí a mọ̀ sí ti Ọbalùfọ̀n àti ère tó jókòó ní Tada létí odò Ọya jẹ́ bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pọ́ńbélé. Ẹni tó bá pe gbogbo wọn ní “bróńsì” ti bo iṣẹ́ tó le jù nínú wọn mọ́lẹ̀.

Ohun kan tún wà: sínkì ń hó, ó sì ń di èéfín ní 907°C. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún idẹ àtijọ́ yọ́, sínkì díẹ̀ ń bá èéfín funfun lọ. Èéfín yẹn lè dá ibà sí ẹni tó bá fà á símú lára, ó sì yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìpẹtà, àwọ̀ ewé, àti ilẹ̀ pupa

Mẹ́tàlì tó ń da ẹ̀lẹ́ktrọ̀nù pọ̀ nínú àjọ lè yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọ́síjìn náà. Bí irin bá ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rinrin, ó dípẹtà. Ìpẹtà irin ń fẹ̀, ó ń bó, ó sì ń ṣí ojú irin tuntun sílẹ̀ fún omi. Ti bàbà àti idẹ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀: awọ dúdú tàbí aláwọ̀ ewé tó bo ara wọn sábà máa ń lẹ̀ mọ́ wọn, ó sì ń dáàbò bò wọ́n. Ilẹ̀ pupa tí a ń tẹ̀ láti Àjàṣẹ́ lọ sí Sákẹ́tẹ́, Pọbẹ̀ àti Kétu gba pupa rẹ̀ láti ara irin kan náà tó ti bá ọ́síjìn so pọ̀.

Ẹdan nílò ìṣọ́ra púpọ̀, nítorí pé ère idẹ ni wọ́n sábà máa ń dà sórí ọ̀pá irin. Bí omi bá wọ ibi tí idẹ àti irin ti kan ara wọn, irin ni yóò máa yọ̀ǹda ẹ̀lẹ́ktrọ̀nù, yóò sì tètè jẹ ju bó ṣe máa jẹ bó bá dá wà.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín láti ṣe

Bí ẹ bá ń kọ àkọsílẹ̀ nípa ohun mẹ́tàlì kan, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, pàápàá bó bá jẹ́ ti òrìṣà tàbí ti awo. Lẹ́yìn náà:

- Ẹ fi òòfà kékeré kàn án díẹ̀díẹ̀. Òòfà máa ń fa irin, kì í fa bàbà, idẹ tàbí òjé. Bó bá fa apá kan tí kò fa èkejì, ẹ kọ ibi tó ti fà á.
- Ẹ kọ àwọ̀ rẹ̀ níbi tó ti bó tàbí tó ti ha tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe ha á fúnra yín.
- Ẹ wọ̀n ọ́n. Bàbà wúwo tó ìlọ́po 8.96 omi tó gba ààyè kan náà, irin 7.87, òjé 11.34. Ìwọ̀n nìkan kò tó láti fi dájọ́, nítorí pé òjé inú idẹ lè mú un wúwo sí i.
- Bí ẹ kò bá mọ àdàlù inú rẹ̀, ẹ kọ “àdàlù bàbà”. Ó sàn ju “bróńsì” tí kò dájú lọ.
- Ẹ má ṣe fi ọsàn wẹ́wẹ́, ọtí kíkan tàbí yanrìn fọ̀ ọ́. Ásíìdì ń jẹ awọ tó ń dáàbò bò ó, ó sì ń pa ẹ̀rí ẹbọ àti ọwọ́ tó ti kàn án rẹ́.
- Ẹ má ṣe ti ohun irin àtijọ́ bọ iná láti fi nà án. Iná ń tún átọ̀mù rẹ̀ tò, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó rọ ọ́ á sì pa rẹ́.
- Bí ẹ bá rí òkìtì ìdàrọ́, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ kọ ibi tó wà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Lákòótán, ẹ lọ bá àwọn àgbà alágbẹ̀dẹ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàárín wa. Ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe àwọ̀ iná kọ̀ọ̀kan, orúkọ irin tó gbọ́ omi àti èyí tí kò gbọ́, àti ohun tí wọ́n ń fetí sí nígbà tí owú bá bà lé irin. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ ní ẹ̀ka èdè wọn gan-an, ìbáà ṣe ti Kétu, ti Ṣábẹ̀ẹ́, ti Ìdàáṣà tàbí ti Ifẹ̀ ní Tógò, kí ẹ má sì ṣe tún un ṣe. Ìwé sáyẹ́ǹsì lè sọ 912°C fún wa níbikíbi láyé, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn baba wa fún àwọ̀ iná náà kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn.